Ìbọn ìléwọ́ kékeré tí mo máa ń gbé kiri ní Texas: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston tí mo padà wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ló ń tẹ̀lé mi kiri. Wọ́n ti gbọ́ pé mo máa ń gbé ìbọn ìléwọ́ sára nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ tó fẹ́ jápa ń bèèrè, àwọn tó ti wà ní Texas àti Georgia ń pè mí lórí WhatsApp, àwọn ará ilé náà ń fà mí sí kọ̀rọ̀ pé ṣé irú ẹ̀ ò lè dé Ìjẹ̀bú níbí. Mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ. Texas ni mo mọ̀, òfin Texas ni mo sì ń sọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tó tọ́ ní Houston lè ranni lẹ́wọ̀n ní New Jersey, torí náà ẹ ka òfin ibi tẹ́ ẹ bá ń gbé kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìbéèrè: Àǹtí, irú ìbọn wo gan-an lẹ ní?

Méjì ni mo lò. Èyí àkọ́kọ́ ni Ruger LCP, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2008. Ọta .380 ló ń jẹ, mẹ́fà ló ń wọ màgàsíìnì ẹ̀, ìyẹn àpò tí ọta ń wọ̀ nínú ìbọn, kò sì wúwo ju bíi gíráàmù 270 lọ tí ọta ò bá sí nínú ẹ̀. Ẹ máa gbàgbé pé ó wà lára yín. Ìkejì ni SIG Sauer P365 tó jáde lọ́dún 2018, ọta nine millimeter, mẹ́wàá nínú màgàsíìnì, ìwúwo ẹ̀ tó bíi gíráàmù 500. Èyí ni mo lò títí mo fi kúrò níbẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni nọ́ọ̀sì ń fi ìbọn ṣe?

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Èmi nìkan ni mò ń wa mọ́tò lọ lóru, èmi nìkan ni mò ń padà sílé, wọ́n sì ti ja àwọn aládùúgbò wa lólè nínú ọgbà ilé tá à ń gbé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìbọn kékeré ló yẹ obìnrin, torí ó fúyẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í bóyá ó ti yìn ín rí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Nínú gbogbo ìbọn ìléwọ́ tí mo ti dì mú, àwọn kékeré yìí ló nira jù láti yìn dáadáa, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí mú lọ nìyẹn.

Ẹ wò ó báyìí. Agbára tó ń ti ọta lọ síwájú náà ló ń ti ìbọn wá sẹ́yìn. Tí ìbọn bá wúwo, ìwúwo ẹ̀ á gba díẹ̀ lára agbára yẹn, tí ò bá wúwo, ọwọ́ yín ló máa gba gbogbo ẹ̀. Ti LCP yẹn, tí mo bá ti yin màgàsíìnì bíi mélòó kan, àárín àtàǹpàkò mi àti ìka tó tẹ̀ lé e á ti máa ta mí, màá kàn fẹ́ kó tán kí n máa lọ sílé ni. Ẹni tí ìbọn ẹ̀ ń dùn lọ́wọ́ ò ní fi kọ́ṣẹ́, ẹni tí ò bá sì kọ́ṣẹ́, kí ló wá ń gbé e kiri fún? Ìdí tí mo fi pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn. P365 ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìwúwo tó fi jù ú lọ yẹn, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Ibi téèyàn ń dì mú náà kúrú, ìka tó kéré jù ò ríbi dúró, ó kàn ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ ìbọn ni. Ẹ tún wá wo irin orí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síláìdì, èyí tẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn kí ọta tó lè wọlé. Sípírìngì inú ìbọn kékeré máa ń le torí síláìdì tó fúyẹ́ nílò ohun tó máa dá a dúró. Mo ti rí obìnrin tó ra ìbọn tí ò lè fà á, ọkọ ẹ̀ ló ń bá a fà á kó tó gbé e jáde. Tí ọkọ ò bá sí ńlé ńkọ́? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má fi ìka méjì fà á, ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá orí síláìdì mú, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ tó di ìdí ìbọn mú ti ìbọn síwájú, apá méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹnu ìbọn ò kọjú sẹ́nikẹ́ni ní gbogbo àsìkò yẹn, títí kan ọwọ́ yín. Tó bá ṣì le, Smith & Wesson ní èyí tí wọ́n ń pè ní Shield EZ tí wọ́n dìídì ṣe kí síláìdì ẹ̀ rọrùn láti fà, ó tóbi ju tèmi lọ díẹ̀ àmọ́ àwọn ìyá tí oríkèé ọwọ́ ń dùn fẹ́ràn ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn, kó fi èyí tó wúwo kọ́ ọ, kó yá ìbọn Glock 19 lò ní réńjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ọn ná. Lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kó wá wo kékeré.

Ìbéèrè: .380 tàbí nine millimeter?

Ìwọ̀n ọta méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní fífẹ̀, àpò ẹ̀tù tiwọn ló yàtọ̀: ti .380 gùn tó mílímítà 17, ti nine jẹ́ 19, ẹ̀tù ti nine pọ̀ jù, agbára ẹ̀ náà pọ̀ jù. Ọta nine kì í wọ́n tó .380, ó sì wà káàkiri, ìyẹn ṣe pàtàkì torí ẹ máa rà á púpọ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. Àmọ́ tí ọwọ́ yín ò bá gba nine rárá, .380 tẹ́ ẹ lè yìn kó bá ibi tẹ́ ẹ fojú sí dáa ju nine tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ìbéèrè: Ìbọn mi máa ń há. Ṣé kí n tà á?

Ẹ má tíì tà á. Ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn ọwọ́ yín. Ìbọn kékeré ń fẹ́ kí ọrùn ọwọ́ le gbagidi, tó bá ti dẹ̀, gbogbo ìbọn á bá ọwọ́ yín lọ sẹ́yìn, síláìdì ò ní rí agbára tó máa fi parí iṣẹ́ ẹ̀, ọta tó tẹ̀ lé e á há. Tí kì í bá ṣe ọwọ́, ẹ pààrọ̀ irú ọta tẹ́ ẹ̀ ń lò, torí ìbọn kékeré máa ń ṣa ọta jẹ. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé sára gan-an ni kẹ́ ẹ yìn dáadáa ní réńjì, kó má jẹ́ pé èyí tó pọ́ọ́kú lẹ fi kọ́ṣẹ́, tẹ́ ẹ wá kó olówó ńlá tẹ́ ò yìn rí sínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdọ̀tí. Ìbọn tó ń gbé inú báàgì tàbí inú àpò máa ń kó òwú, eruku àti ìyẹ̀fun àtíkè, òógùn á sì mú un dípẹtà. Mo máa ń tú tèmi wò lóòrèkóòrè bí mi ò tiẹ̀ yìn ín, màá nù ún, màá fi òróró ìbọn díẹ̀ sí i. Kó má pọ̀ o, òróró tó bá pọ̀ jù ló ń pe eruku.

Ìbéèrè: Tẹ́ ẹ bá wọ ìró àti bùbá, ibo lẹ máa ń gbé e sí?

Ìbéèrè tó dáa jù nìyí, torí gbogbo ẹni tó ń kọ́ni lọ́hùn-ún, wọ́n rò pé gbogbo ayé ló ń wọ jíǹsì. Ìró ò ní bẹ́líìtì. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ náà, okùn ló ní, okùn ò lè gbé ìbọn dúró, á kàn máa fà á wálẹ̀ ni. Agbádá ńkọ́? Agbádá á bo odindi ìbọn ọdẹ mọ́lẹ̀ kẹ́nikẹ́ni ó má rí i, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ká apá ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ tó gbé bùbá kẹ́ ẹ tó dé ìdí, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Aṣọ tó bo ìbọn dáadáa náà ló ń dí ọwọ́.

Ọ̀já onírọ́bà kan wà tí wọ́n máa ń dì mọ́ ikùn, tó ní ibi tí ìbọn ń wọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ lábẹ́ bùbá. Ó gbé e dúró, ṣùgbọ́n ó gbóná, tí mo bá sì jókòó pẹ́ nínú mọ́tò, á máa gún mi níhà. Tí mo bá wọ ṣòkòtò níbi iṣẹ́ tàbí ọjà, àkọ̀ tó ń wọ inú ṣòkòtò ni mò ń lò pẹ̀lú bẹ́líìtì tó nípọn, bẹ́líìtì lásán á rọ. Àkọ̀ yẹn, ẹ má fi owó ẹ̀ ṣe ahun. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi ike líle bíi Kydex ṣe, kó bá ìbọn yín gan-an mu, kó bo tírígà, ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, pátápátá débi pé ohunkóhun ò lè kàn án. Àwọn àkọ̀ aláṣọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú yẹn, mi ò lè gbà yín níyànjú ẹ̀. P365 tèmi ò ní sééfútì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ohun téèyàn ń tẹ̀ kí tírígà má lè ṣiṣẹ́, tí tírígà bá ti lọ sẹ́yìn, ọta ti lọ nìyẹn.

Ti báàgì, mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń lò. Tó bá máa jẹ́ báàgì, kó jẹ́ èyí tó ní àpò ìbọn lọ́tọ̀, tó ní àkọ̀ nínú, kí ohunkóhun míì má wọbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tàbí bírò lè kó sí tírígà. Kí báàgì náà má kúrò lára yín. Ẹ kò lè gbé e sórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ wá lọ jó ìdúpẹ́, ẹ kò lè sọ fún ọmọ pé kó lọ bá yín mú fóònù nínú ẹ̀. Olè tó bá já báàgì gbà, ó ti gba ìbọn pẹ̀lú. Báàgì yẹn náà kọ́ lẹ máa gbé wọ bàálù o! Ọta kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbàgbé sísàlẹ̀ báàgì ti tó láti dá yín dúró ní pápákọ̀ òfurufú, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé yín.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ máa ń gbé e lọ òde àríyá?

Rárá. Níbi tí ọtí wà, tí èèyàn ń jó, tí wọ́n ń náwó, tí àwọn ọmọdé ń sáré gba abẹ́ tábìlì, kí ni ìbọn ń wá níbẹ̀? Òfin Texas gan-an ò fàyè gbà á níbi tó jẹ́ pé ọtí mímu níbẹ̀ ló ń mú ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn wọlé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa rí nọ́ńbà 51 pupa gàdàgbà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ìbéèrè: Mo wà lórí físà sítúdẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá rà á.

Kí ọ̀rẹ́ yín fi yín sílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹni tó wà lórí físà ilé-ìwé, ti iṣẹ́ tàbí ti ìbẹ̀wò ní ìbọn, kódà kó ní ọta, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ bí ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì iṣẹ́ ọdẹ. Kẹ́ ẹ dì í mú ní réńjì pàápàá lè di wàhálà. Ẹni tó ní gíríìn kààdì lè rà á, ọmọ ìlú náà lè rà á, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21 kó tó lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ẹ̀sì. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù 4473, gbogbo ohun tó bá bi yín lẹ gbọ́dọ̀ dáhùn lóòótọ́, irọ́ lórí ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Ó tún bèèrè nípa igbó, tẹ́ ẹ bá ń mu ún, ẹ ò lè ra ìbọn, ìpínlẹ̀ yín ì báà gbà á láàyè. Ẹ̀sùn ìbọn lè lé èèyàn kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ilé yín ta ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Texas ò béèrè láísẹ́ẹ̀sì mọ́.

Lóòótọ́ ni, láti September 2021 ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin ò dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba láísẹ́ẹ̀sì. Síbẹ̀ mo gbà á, mo sì fẹ́ kẹ́yin náà gbà á. Dọ́là 40 ni owó ìjọba, ẹ máa jókòó sí kíláàsì fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ máa tẹ̀ka, ẹ máa yin ọta 50: ogún ní yáàdì mẹ́ta, ogún ní yáàdì méje, mẹ́wàá ní yáàdì 15. Máàkì 175 nínú 250 lẹ fi máa yege. Kíláàsì yẹn ni mo ti lóye ìgbà tí òfin gbà kéèyàn gbèjà ara ẹ̀ àti ìgbà tí kò gbà á. Kò sẹ́ni tó máa jókòó kọ́ yín níyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Níbi iṣẹ́ ńkọ́?

Ọsibítù tí mo ṣiṣẹ́ sí ò gbà á wọlé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, 30.06 àti 30.07, nọ́ńbà abala òfin Texas tó ń kọ̀ kí ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì gbé ìbọn wọlé, ì báà fi pamọ́ tàbí kó hàn síta. Òfin Texas gba òṣìṣẹ́ láàyè kó tì í mọ́ inú mọ́tò níbi tí wọ́n ń páàkì sí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe: àpótí irin kékeré tí mo fi ṣéènì dè mọ́ abẹ́ àga. Ẹ má kàn jù ú sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí olè ń kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ilé-ìwé àti pósítọ́fíìsì, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Tí ọlọ́pàá bá dá mi dúró tó sì wà lára mi?

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná inú mọ́tò tó bá jẹ́ alẹ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sitíáríǹgì, ẹ má wá ohunkóhun. Tó bá béèrè ìwé, ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹ ní láísẹ́ẹ̀sì ìbọn, ẹ sọ ibi tó wà, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Láìsí àṣẹ ẹ̀, ẹ má mira. Ní Texas, ẹni tó bá ní láísẹ́ẹ̀sì tí ìbọn sì wà lára ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pẹ̀lú ìwé ìwakọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ tí ọlọ́pàá bá béèrè. Ṣé ẹ rántí Philando Castile ní Minnesota, July 2016? Ó ní láísẹ́ẹ̀sì, ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun ní ìbọn, wọ́n ṣì yìnbọn pa á níṣojú ọmọ kékeré tó jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú mọ́tò. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìbọn gbọ́dọ̀ rò ó pẹ̀lú ìrònú ẹ̀, mi ò lè fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́, ṣé wọn ò lè rí i?

Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, tí kò bá sí lára mi, inú àpótí irin onínọ́ńbà ló máa ń wà, kò sí àárín méjì. Kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí. Ìbọn kékeré dà bí nǹkan ìṣeré lójú ọmọ, ó sì bá ọwọ́ wọn mu, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Texas ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 sí ọmọdé, tí ọwọ́ ẹ̀ bá lè tẹ ìbọn yín torí ẹ ò tọ́jú ẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ ti fà á yọ séèyàn rí?

Mi ò fà á yọ rí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó kó mi yọ jù ni pé mo máa ń wo àyíká kí n tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, mo máa ń ní kí ẹ̀ṣọ́ sìn mí dé ibi mọ́tò, tí ọkàn mi ò bá sì balẹ̀ síbì kan, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ ò lè bá mi fi ọ̀kan sínú dúrọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ̀ ń kó bọ̀?

Mi ò lè ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín ṣe é. Lọ́hùn-ún, kéèyàn kó ìbọn jáde láìgba àṣẹ, ìjọba àpapọ̀ ló máa mú un. Níbí ní Nàìjíríà, òfin ìbọn tí wọ́n ń pè ní Firearms Act, tó ti wà láti 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbọn tí wọ́n fòfin dè, òun àti bọ́ǹbù, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìbọn arọ̀jò-ọta ló jọ wà lójú ìwé kan náà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni níwèé àṣẹ ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù nínú ìyà tó wà fún un. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀gá kan tó máa bá yín ṣe pépà ìbọn ìléwọ́, owó yín ló fẹ́ jẹ. Èyí tí aráàlú lè tọrọ ni ìbọn gígùn bíi ti àwọn ọdẹ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni láísẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ti ń jáde, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ore ò dáa, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní Ṣàgámù ní ìbọn. Àwa wá kawọ́ gbera?

Inú mi ò dùn láti dáhùn eléyìí, torí ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba èmi náà. Èmi náà ń gba ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Àwọn tó ń dánà, wọ́n pọ̀, ìbọn gígùn ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìbọn kékeré tí ọta ẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, lọ́wọ́ ẹni tí kò ríbi kọ́ṣẹ́ torí kò lè gbé e dé gbangba, kí ló máa fi ṣe? Tí ọlọ́pàá bá wá rí i lára yín ní ibùdó àyẹ̀wò, wọn ò ní bi yín bóyá ẹ̀rù ló ń bà yín. Ìbọn tí wọ́n ń rọ níbí tiẹ̀ burú jù, ó lè bú mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ẹ má rìn ọ̀nà yẹn lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ ìgbà tẹ́ ẹ gbéra, ẹ mọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn àti So-Safe àdúgbò yín, 112 náà wà fún pàjáwìrì.

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n ń yìnbọn níbi ọdún Ojúde Ọba, ọlọ́pàá ò mú wọn?

Ìyẹn yàtọ̀. Ìbọn ìbílẹ̀ ni àwọn ìdílé Balógun ń yìn lórí ẹṣin níwájú ààfin lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ̀tù ló ń dún láti fi bọlá fún Awùjalẹ̀. Ìjẹ̀bú mọ ìbọn tipẹ́, ọwọ́ wa ni ìbọn ń gbà kọjá láti etíkun lọ sókè, títí tí Òyìnbó fi kó ìbọn Maxim wá bá wa ní Ìmágbọ̀n lọ́dún 1892. Ṣakabùlà náà sì nílò ìwé tiẹ̀.

Ìbéèrè: Kí lẹ wá ṣe sí tiyín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní láísẹ́ẹ̀sì, mo yọ ọta ẹ̀, mo kó o sínú àpótí, ó kọ nọ́ńbà ara ìbọn náà sínú ìwé ẹ̀, ó sanwó, ó fún mi ní rìsíìtì. Kò sọ́ranyàn pé kó jẹ́ oníṣòwò ní Texas, mo kàn fẹ́ kí orúkọ mi kúrò lára ẹ̀ níbi tó ṣeé tọpa ni. Mo fún un ní àkọ̀ àti màgàsíìnì tó ṣẹ́kù pẹ̀lú. Báàgì yẹn, mo tú gbogbo àpò ẹ̀ síta, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì fi sílẹ̀ ní Houston, mi ò gbé e wá sílé.